Àtíbàbà ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì: ibi tí ẹ máa dè é mọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Àǹtí mi, ẹ kú ìnáwó bọ́ọ̀sì o. Ẹ ní ẹ fẹ́ máa fi ta oúnjẹ láti Ìlọrin dé Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, ẹ̀yin àti ọmọ iṣẹ́ yín á sì máa sun inú rẹ̀ nígbà míì. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí wẹ́dà jó àtíbàbà mọ́ ojú fèrèsé rẹ̀, àbí kí ẹ ra àlòkù òkè òkun tó ń ká ara rẹ̀. Irú iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun, inú irú bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń sùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ti rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jó o mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé òun ló yá, òun náà ló sì dínwó, àmọ́ páànù ara bọ́ọ̀sì fẹ́lẹ́. Iná wẹ́dà á jó ọ̀dà níta, á tún jó o nínú lọ́hùn-ún tí ojú kò tó, ibẹ̀ ló sì máa ti bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún. Rọ́bà etí gíláàsì náà kì í fara da iná. Èyí tí wẹ́dà kan bá mi jó nígbà kan, ìjì tó ṣáájú òjò ló bá a ní ìkòríta Àjàṣẹ́-Ìpo. Ojú ibi tó jó kò tú rárá. Páànù ara mọ́tò gan-an ló ya.

Kí wọ́n tó lu ihò kankan, ẹ ní kí wọ́n tú páálí àti aṣọ tí wọ́n fi tẹ́ inú bọ́ọ̀sì. Ẹ ó rí òpó irin láàárín fèrèsé kan sí èkejì, àti èyí tó gba abẹ́ òrùlé kọjá. Ara òpó yẹn ni kí bóòtù wọ̀. Níbi tí òpó kò bá bọ́ sí, ẹ fi irin pẹlẹbẹ gbè é nínú, kí wáṣà ńlá sì wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì. Tí wọ́n bá lu ihò tán, kí wọ́n fi ọ̀dà kun etí rẹ̀ kí bóòtù tó wọlé. Ẹ má fi sílíkónì tó ń ta sánsán bí ọtí tó ti kan dí etí ihò náà, nítorí ásíìdì inú rẹ̀ ń jẹ irin. Gọ́ọ̀mù dúdú tí àwọn tó ń lẹ gíláàsì iwájú mọ́tò ń lò ni kí ẹ rà. Ó máa ń di nǹkan mú pinpin, síbẹ̀ kì í sán tí mọ́tò bá ń gbọ̀n lójú kòtò, ẹ̀yin náà sì mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí.

Kọ́tìnnì inú kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Tí oòrùn bá ti gba gíláàsì kọjá, ooru ti wọlé nìyẹn. Kí àtíbàbà fẹ̀ ju fèrèsé lọ ní bí ínṣì 6 lọ́tùn-ún àti lósì, kí etí rẹ̀ tó wà níta sì rọ̀ sísàlẹ̀ dáadáa. Èyí tó bá nà gbọọrọ, oòrùn aago 5 ìrọ̀lẹ́ á gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, omi òjò á sì dúró sórí rẹ̀. Níbi tí àyè bá wà, ẹ kọjú bọ́ọ̀sì sí ìlà tàbí ìwọ̀ oòrùn, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn wà ní àríwá àti gúúsù. Láti àárín oṣù kẹrin dé ìparí oṣù kẹjọ, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán ń gbà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín; ìyókù ọdún, gúúsù ni.

Ní ti aṣọ, tapólì búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn, kò ní pẹ́ tí oòrùn á fi jẹ ẹ́ gbó. Ti tírélà nípọn, omi kì í gbà á kọjá, àmọ́ tí ẹ bá ká a ní tútù, á bu, á sì máa rùn sí oúnjẹ yín. Ẹ tètè sá a.

Àlòkù tó ń ká ara rẹ̀ ni èmi fọwọ́ sí, tó bá ti jẹ́ pé ẹni tó ń tà á lè nà án jáde, kó sì ká a padà lójú yín kí ẹ tó sanwó. Sípíríǹgì tó ti lọ́ pinpin wà nínú páìpù rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ irin etí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹlòmíì ti di páìpù náà mú, torí á yí bìrí, ó sì lè ṣẹ́ni níka. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ wú báyìí nítorí ẹ̀.

Tí mọ́tò bá fẹ́ gbéra, ẹ ká a, kí ẹ fi bẹ́líìtì dì í. Láti oṣù kẹta dé ìkarùn-ún, ìlà oòrùn ni ìjì sábà máa ń gbà dé. Tí ojú ọ̀run bá ti ṣú níbẹ̀, ẹ ká a kíá, oníbàárà á dúró.

Ẹ sọ bí fèrèsé yín ṣe fẹ̀ tó, àti ẹ̀gbẹ́ tí ẹ ti ń bu oúnjẹ fún èèyàn, màá sọ bí aṣọ náà ṣe yẹ kó gùn tó.