Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé ìwé ilẹ̀ ọdún 1835 lè gba ilé mi lọ́wọ́ báńkì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìtòsí Indianapolis ni mo ń gbé. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mi ò rí owó ilé san fún báńkì. Ọkùnrin kan ní kí n mú 1,500 dọ́là wá, òun á bá mi wá land patent ilẹ̀ mi, òun á kọ orúkọ mi sí i, òun á sì lọ fi sílẹ̀ ní káúńtì. Ó ní báńkì ò ní lè fọwọ́ kan ilé náà mọ́, n ò sì ní san owó orí ilé láéláé. Ó fi ẹ̀dà rẹ̀ hàn mí: ọdún 1835, Ààrẹ Andrew Jackson ló fọwọ́ sí i. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Irọ́ ni. Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Inú ń bí mi sí àwọn èèyàn yìí, torí ẹni tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn ni wọ́n ń wá kiri.

Land patent ni ìwé tí ìjọba àpapọ̀ fi ń gbé ilẹ̀ rẹ̀ fún ẹni tó kọ́kọ́ rà á. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ìtalẹ̀ tí ẹnì kan kọ fún ẹnìkejì, láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi kàn yín, ló sọ ilé náà di tiyín. Mọ́géèjì tí ẹ fọwọ́ sí, ìyẹn ìwé tí ẹ fi ilé náà dúró fún owó tí ẹ yá ní báńkì, wà lórí rẹ̀, kò sì sí ìwé àtijọ́ tó lè pa á rẹ́.

Ẹ tún ẹ̀dà yẹn wò. Orúkọ ta ló wà láàrin rẹ̀? Ti ẹni tó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba ni. Ẹ wo ìsàlẹ̀: lábẹ́ orúkọ Jackson, ẹ máa rí "By" àti orúkọ ẹlòmíràn. Láti 1833 ni òfin ti gba akọ̀wé láyè láti máa bá Ààrẹ fọwọ́ sí i, torí ìwé náà ti pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ 80 éékà ni wọ́n kọ síbẹ̀, ní dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 25 fún éékà kan, 100 dọ́là lẹni yẹn san. Mélòó nínú aládùúgbò yín ló ń gbé lórí 80 éékà náà lónìí? Tí ìwé yìí bá lè sọ ilẹ̀ di tiyín, á jẹ́ pé ilé tiwọn náà ti di tiyín nìyẹn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìtàn ni wọ́n fi ń parọ́. Láti 1800 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń ta ilẹ̀ láwìn. Ẹni tí kò bá san tán, ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Patent kì í jáde àfi tí owó bá pé. Wàhálà àwìn yẹn pọ̀ débi pé wọ́n fòpin sí i ní 1820. Indianapolis fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ àwọn Delaware, ẹ̀yà ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà kan, ni, wọ́n fi sílẹ̀ nínú àdéhùn St. Mary's ní 1818. Ìjọba àpapọ̀ fún Indiana ní 2,560 éékà láti fi ṣe olú ìlú, Alexander Ralston ya máàpù rẹ̀, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá 1821, ìpínlẹ̀ náà lu pílọ́ọ̀tì ní gbànjo. 314 ló tà. Ìdá kan nínú márùn-ún ni olùrà ń san lójú ẹsẹ̀, ó ń san ìyókù lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ ò rí i san, pílọ́ọ̀tì wọn sì padà sọ́wọ́ ìpínlẹ̀.

Àwọn kan ní Indiana ti dán ohun tí ọkùnrin yìí ń tà wò. Wọ́n kọ land patent fúnra wọn láti fi lé báńkì. Ní 1985, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ ní Chicago dá wọn lẹ́bi.

Tó bá jẹ́ pé ìtàn ilẹ̀ yín lẹ fẹ́ mọ̀, ọ̀fẹ́ ni ẹ̀dà patent lórí ìkànnì Bureau of Land Management, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilẹ̀ ìjọba.

Ní ti gbèsè, ẹ pe báńkì lónìí. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ láti gba ilé títí gbèsè á fi kọjá 120 ọjọ́, ọjọ́ yín sì ti ń lọ. Ẹ wá olùdámọ̀ràn tí HUD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé, fọwọ́ sí. Wọn kì í sábà gba owó. Èmi kọ́ ni agbẹjọ́rò yín, mi ò sì tíì rí ìwé ilé yín, nítorí náà ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ bá agbẹjọ́rò kan ní Indiana. Tí ọkùnrin yẹn bá ti gba ìbuwọ́lùwé yín sórí ohunkóhun, ìwé yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi han agbẹjọ́rò náà.