Ohun Tí Ẹ Fẹ́ So Mọ́ Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Mójú Tó

Arákùnrin wa láti Ilé-Ifẹ̀ sọ pé òun ti tẹ́ ibùsùn sínú bọ́ọ̀sì òun, òun sì fẹ́ fa tírélà kékeré tẹ̀lé e lọ sí Abuja pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ó wá béèrè ohun tí mẹkáníìkì yóò yẹ̀ wò nínú ẹ́ńjìnnì. Láti Iléṣà níbí, mo ti fa irú tírélà bẹ́ẹ̀ gba Ìtawúre, Ẹ̀fọ̀n, Adó àti Kabba lọ sí Lọ́kọ́ja lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ́ńjìnnì kò sì dà mí láàmú tó ohun tí mo so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ wo rédíétọ̀, bẹ́líìtì àti bíréèkì, ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ìdí tírélà ni mo kó jẹnẹrétọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́fà sí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti lè tètè tó wọn. Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, tí a ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè Ẹ̀fọ̀n sí Ìtawúre, tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdí sọ́tùn-ún sósì, ó ń fa bọ́ọ̀sì bí ọmọ tí kò fẹ́ kúrò lọ́jà ṣe ń fa ìró ìyá rẹ̀. Bíréèkì ni ẹsẹ̀ mi kọ́kọ́ lọ bá, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wa sí kòtò. Ìgbà tí mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, tí mo di sítíárìn mú láì yí i, ni ó tó rọlẹ̀. Ìyàwó mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Iléṣà.

Iwájú ni ó yẹ kí ẹrù tírélà ti wúwo jù díẹ̀. Bí tírélà àti ẹrù rẹ̀ bá jẹ́ kílò 600, kí ẹnu ọ̀pá tí a fi so ó mọ́ ọkọ̀ wúwo tó nǹkan bíi kílò 60. Ìwọ̀n àwọn tí ń ra kòkó ládùúgbò wa ni mo yá. Mo gbé ẹnu ọ̀pá náà lé e, mo sì ń ti jẹnẹrétọ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ títí ó fi pé. Wọ́n bi mí bóyá tírélà náà ti gbẹ dáadáa.

Ẹ wo bọ́ọ̀lù irin tí ọ̀pá náà ń gbé mì pẹ̀lú. Tírélà tòkunbọ̀ láti Yúróòpù sábà máa ń lo ti mìlímítà 50, ti Amẹ́ríkà sì lè jẹ́ íńṣì 1⅞ tàbí 2. Bí bọ́ọ̀lù bá kéré sí ẹnu ọ̀pá, yóò dà bí ẹni pé ó wọlé títí ẹ ó fi kó sí gálọ́ọ̀pù kan. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tì í pa, ẹ fi jáàkì gbé ọ̀pá náà sókè: bí ìdí bọ́ọ̀sì bá bá a gòkè, ó ti dì mú.

Táyà tírélà kì í sábà jẹ tán, ọjọ́ orí ló ń pa á. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ìlà tí wọ́n kọ DOT sí lára rẹ̀: 2316 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016, èmi kò sì ní fi irú èyí rìnrìn àjò.

Òjò ni àsìkò tí ẹ fẹ́ lọ, omi sì máa ń wọ bíárín tó ń jẹ́ kí táyà tírélà yí geere. Ẹ tú u, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ kún un ní gíríìsì tuntun, kí ẹ sì mú òmíràn dání. Tèmi jó kí a tó dé Kabba lọ́dún kejì. Mẹkáníìkì ibẹ̀ mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò rí irú rẹ̀ rà títí di ọjọ́ kejì. Inú ọgbà hòtẹ́ẹ̀lì la sùn sí nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ̀bá ọ̀nà kò ṣeé sùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn àjò, ẹ di gbogbo ẹrù náà bí ẹ ó ṣe gbé e lọ, kí ẹ fà á dé Òsú. Kí ẹ tó yí padà níbẹ̀, ẹ tún nọ́ọ̀tì táyà fún, kí ẹ sì rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ àárín táyà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá gbóná ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ ni kí ẹ gbé lọ bá mẹkáníìkì.