Abala owó ló ń mú kí àdéhùn wọn pẹ́

Àbúrò wa tó béèrè ìdí tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ní Jámánì fi máa ń jókòó lórí ìwé àdéhùn ìjọba àjùmọ̀ṣe fún ọ̀sẹ̀ gbọọrọ, nígbà tí wọ́n kúkú lè pín ipò mínísítà kí kálukú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, jẹ́ kí n dá ọ lóhùn. Kíkọ àbá òfin ni iṣẹ́ tí mo fi jẹun níbí l'Ákùúrẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ètò tiwa kì í ṣe ti pálíámẹ́ǹtì, àmọ́ mo mọ bí àdéhùn ṣe ń bàjẹ́. Ìhà méjì kan fẹnu kò nígbà kan pé iye tó bá tọ́ ni kí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo ní kí wọ́n dárúkọ iye tí n óo kọ, tí mo tún bi wọ́n pé ta ni yóò máa gbà á, ìjà dé. Àbá náà kú síbẹ̀. Ó dùn mí títí dòní, torí àwọn obìnrin yẹn ṣì ń san án fún ẹni tó bá ṣáà ti mú tíkẹ́ẹ̀tì dání.

Ní 2021, SPD, Greens àti FDP, ẹgbẹ́ òṣèlú mẹ́ta tó fẹ́ jọ ṣèjọba ní Jámánì, kọ ìwé àdéhùn tó lé ní 170 ojú ewé. Wọ́n ní láti oṣù kìíní ọdún 2025, ẹ̀rọ amúlégbóná tuntun gbọ́dọ̀ máa rí ìdá 65 nínú 100 agbára rẹ̀ láti ara ohun tí kì í tán, bí oòrùn àti afẹ́fẹ́. Ní 2022 wọ́n fà á wá sí 2024. Ilé iṣẹ́ ètò ọrọ̀ ajé, tó wà lọ́wọ́ Greens, kọ àbá òfin náà pẹ̀lú ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ilé kíkọ́, tó wà lọ́wọ́ SPD. Lọ́hùn-ún, àwọn ilé iṣẹ́ yòókù tọ́rọ̀ kàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àbá kó tó dé iwájú ìgbìmọ̀ mínísítà. FDP fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìwé tì í pé àwọn ṣì fẹ́ àtúnṣe. Bí ìnáwó rẹ̀ yóò ṣe kan onílé àti ayálégbé ló dá gbogbo rògbòdìyàn sílẹ̀. Ní oṣù keje 2023, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ dá ìdìbò àwọn aṣòfin lórí àbá náà dúró, torí wọn ò rí àyè tó láti kà á. Ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ló tó kọjá.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ilé ẹjọ́ yẹn kan náà fagi lé bílíọ̀nù 60 owó euro tí wọ́n ti gbójú lé. FDP ò fẹ́ kí wọ́n yá owó tuntun, àwọn méjì yòókù ò sì fẹ́ gé ìnáwó. Ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá 2024, Scholz, olórí ìjọba tó jẹ́ ọmọ SPD, lé Lindner, mínísítà ìṣúná tó jẹ́ olórí FDP, kúrò níṣẹ́, ìjọba náà sì tú ká.

Àwa náà ti ṣe é rí, nígbà tí a ṣì ń lo ètò pálíámẹ́ǹtì. Lẹ́yìn ìbò 1959, NPC, ẹgbẹ́ àwọn ará Àríwá, ní ìjókòó 134 nínú 312, kò tó o dá ṣèjọba, ló bá fa NCNC, ẹgbẹ́ Azikiwe, mọ́ra. Action Group, ẹgbẹ́ Ajasin ará Ọ̀wọ̀, bọ́ sí ìhà alátakò. Àríyànjiyàn lórí ètò ìkànìyàn wà lára ohun tó da àárín NPC àti NCNC rú.

Tí o bá tún rí irú ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀, abala owó ni kí o kọ́kọ́ ṣí. Wo ẹgbẹ́ tí wọ́n fún ní ilé iṣẹ́ ìṣúná, kí o sì wò ó bóyá wọ́n kọ ibi tí àwọn olórí wọn yóò ti máa pàdé nígbà tí àbá kan bá há sáàárín mínísítà méjì.