Kí ló dé tí orin kan ń tètè sú ìjọ, tí òmíràn sì ń rú wọn lójú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ orin. Èmi ni mò ń darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Ìsánlú. Orin méjì ni mo kọ fún ìkórè. Àkọ́kọ́ ò tí ì dé ẹsẹ kejì tí ìjọ ti ń wo aago. Èkejì lọ́ débi pé àwọn akọrin gan-an sọnù sínú rẹ̀. Ṣé ọ̀nà wà láti mọ ibi tí mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Okun o. Ọ̀nà wà, ìdí iṣẹ́ tẹlifóònù ló sì ti wá. Ní 1948, Claude Shannon tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs, ilé ìwádìí iléeṣẹ́ tẹlifóònù kan ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé a lè wọn ìròyìn bí a ṣe ń fi kóńgò wọn ẹ̀wà. Ohun tí a ti mọ̀ pé ó ń bọ̀ kò mú ìròyìn wá. Èyí tí a kò retí ló mú un wá. Bit ni òṣùwọ̀n náà. Bí ohùn méjì bá wà tí èyíkéyìí nínú wọn lè tẹ̀ lé ohùn tó ṣáájú bákan náà, èyí tó bá jáde jẹ́ bit 1. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́jọ, bit 3. Ní 1957, Leonard Meyer, onímọ̀ orin ará Amẹ́ríkà, mú èrò yìí wọnú orin. Etí olùgbọ́ máa ń sáré ṣáájú, ó ń ta tẹ́tẹ́ lórí ohùn tó kàn (ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ foríjì mí).

Nínú orin yín àkọ́kọ́, tẹ́tẹ́ wọn kì í tàsé. Nínú èkejì, kì í jẹ rárá.

Àmọ́ ohun kan wà tí mo fura sí jù. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ní ohùn tirẹ̀ kí orin tó dé. Bí ẹ bá kọ “ọkọ̀ ìgbàlà” tí orin sì gòkè níbi tó yẹ kó ti wálẹ̀, ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko ni ìjọ gbọ́. Ìyàlẹ́nu ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó dùn. Wọ́n á dúró wá ìtumọ̀, orin á sì fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ yẹ ìyẹn wò ná.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ègbè dúró bákan náà látòkè délẹ̀, kí lílé máa yí. Ègbè ni wọ́n á fi tẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yí ìparí ègbè fúnra rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé e lẹ́ẹ̀mejì bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni kí ẹ yí i. Ṣáájú ìyẹn, wọn ò tí ì ta tẹ́tẹ́ kankan lórí ìparí rẹ̀.