Ṣé ká yé sọ Yorùbá sí ọmọ tó ní ọ́tísíìmù?

Ẹ kú ilé o. Manchester la wà. Ọmọkùnrin wa ti pé ọdún 5, ọ̀rọ̀ tó mọ̀ ọ́n sọ kò tó nǹkan. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, ọ́tísíìmù (autism) ni, ìyẹn ni pé bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ọmọ. Olùkọ́ rẹ̀ ní ká fi Yorùbá sílẹ̀ nílé, pé èdè méjì ló ń dà á láàmú. Ìyá ọkọ mi ní àìsàn òyìnbó ni, ká fi í ránṣẹ́ sílé, á san. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Àǹtí mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. London lèmi wà, ọmọbìnrin mi náà ní in. Ẹ má fi Yorùbá sílẹ̀ o! Hambly àti Fombonne ṣèwádìí lórí ọmọ 75 tó ní ọ́tísíìmù ní Montreal ní Kánádà, ó jáde ní 2012: èdè kejì kò fa ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà sẹ́yìn. Ká tiẹ̀ ti ìwádìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ta ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́kún? Bí màmá mi bá pè lórí WhatsApp, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, “Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ọlálọ́mí”, ọmọ tí kì í wojú ẹnikẹ́ni yìí á pa ìdérí ìgò tó ń tò tì, á wá lẹ̀ mọ́ fóònù.

Ní ti àìsàn òyìnbó, àwọn ará Sòmálíà tó wà ní Stockholm náà pè é ní àrùn Sweden. Ṣùgbọ́n nígbà tí Yunifásítì Minnesota ka iye ọmọ tó ní in ní Minneapolis ní Amẹ́ríkà, tí èsì jáde ní 2013, ọ̀kan nínú ọmọ Sòmálíà 32 ló ní in, ọ̀kan nínú 36 láàárín àwọn ọmọ òyìnbó. Ẹ rí i pé kì í ṣe ti ẹ̀yà kan ṣoṣo. Kí màmá máa gbàdúrà, àdúrà kì í pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kí ọmọ dúró tì yín.

Ẹ kọ̀wé sí káńsù fúnra yín pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún EHCP, ìwé àṣẹ tó ń sọ ìrànlọ́wọ́ tí ọmọ gbọ́dọ̀ rí gbà níléèwé. Òfin 2014 fún òbí láyè, ẹ ò ní láti dúró de iléèwé. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 ló yẹ kí wọ́n fèsì. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ lè pẹjọ́, IPSEA, ẹgbẹ́ aláàánú kan, sì ń gba òbí nímọ̀ràn òfin lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé Yorùbá ló ń gbọ́ nílé, kí wọ́n má baà sọ pé kò gbọ́ nǹkan kan rárá.