Ṣé kí n ta oko kajú bàbá mi ni, àbí kí n ṣì máa dúró de Ọlọ́run?

ÌBÉÈRÈ: Màmá, òkun o, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Ìyàrà ni mí, mo ti pé ọdún 31. Mo jáde ní poli ní 2018, mo sìnrú ìlú tán, àtìgbà yẹn mi ò ríṣẹ́, ọ̀kadà ni mò ń gùn lọ sí Kabba, tó bá wá di àsìkò kajú mo máa ń ṣa kajú lóko tí bàbá mi fi sílẹ̀ kó tó kú. Mo gbààwẹ̀, mo lọ sórí òkè, fìjìlì wo ni mi ò lọ. Wòlíì kan sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé kí December tó parí màá ti wọ ọ́fíìsì, mo tiẹ̀ ra bàtà sílẹ̀, December lọ, January dé, ọ̀kadà náà ni. Ní báyìí ọkùnrin kan ní òun ní slot iṣẹ́ ìjọba l'Abuja, kí n wówó wá, oko yẹn nìkan ló sì lè mú owó yẹn jáde. Ìyá mi ní kí n ní sùúrù, pé Ọlọ́run kì í pẹ́. Màmá, ó ti pẹ́ o! Àbí slot yìí gan-an ni ìdáhùn àdúrà mi?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, òkun o. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi bàtà yẹn, ẹ̀rín yẹn náà ló fẹ́ẹ̀ di ẹkún. Tọ́jú ẹ̀, bàtà kì í bu.

Ká kọ́kọ́ mú ti slot kúrò nílẹ̀ ná. Má ta oko. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí ti sanwó fún irú bọ̀dá bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mò ń wá tránsífà, mo gba àjọ mi ṣáájú àsìkò, mo tiẹ̀ ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọlọ́run ti ṣe é, bọ̀dá gbowó tán nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ mọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀ tránsífà dé lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí mi ò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ ẹ mọ́. Ká tiẹ̀ ní òótọ́ ni slot tìẹ, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ṣáà ni, ọmọ ẹlòmíì tó yege máa jókòó sílé torí pé ìwọ rówó san, báwo lo ṣe fẹ́ gbé ìyẹn lọ síwájú pẹpẹ pé kí wọ́n bá ẹ yọ̀? Oko bàbá yín ńkọ́, ṣé tìẹ nìkan ni?

Ó wá ku èyí tó ń dùn ẹ́ gan-an. Bí mo ṣe ka lẹ́tà ẹ, December lo gbẹ́kẹ̀ lé láti ọdún tó kọjá. Wòlíì ló dá ọjọ́, ọjọ́ yẹ̀, Ọlọ́run lo wá ń bínú sí. Ábúráhámù náà ṣe irú ẹ̀. Ẹni ọdún 75 ni nígbà tó fi Háránì sílẹ̀ tòun ti ìlérí, ọdún mẹ́wàá kọjá ní Kénáánì, ọmọ ò dé, Sárà bá ní kó lọ bá Hágárì, ìránṣẹ́bìnrin òun. Hágárì ni slot tiwọn. Ó sì ṣiṣẹ́ o, ẹni ọdún 86 ni nígbà tí wọ́n bí Íṣímáẹ́lì, àmọ́ ìjà tó wọlé wọn látìgbà yẹn, ka Jẹ́nẹ́sísì 16 àti 21 fúnra ẹ. Ọdún 100 ló pé kó tó gbé Ísáákì.

O máa ní ti Bíbélì nìyẹn. Ó dáa, ṣé o ti gbé èrò lọ sí ọsibítù ECWA l'Egbe rí? Ọkùnrin mẹ́ta ló gúnlẹ̀ sí Èkó ní December 1893 tí wọ́n fẹ́ gbé ìyìn rere wọ apá òkè lọ́hùn-ún, Walter Gowans, Thomas Kent àti Rowland Bingham. Kí 1894 tó parí Gowans àti Kent ti kú. Bingham padà sílé lọ́wọ́ òfo, ó tún wá ní 1900, ibà lé e padà, ìgbà kẹta tí wọ́n gbìyànjú ni wọ́n tó ríbi dúró sí ní Patigi, ó sì di 1908 kí Titcombe, míṣọ́nnárì wọn, tó dé Egbe, níbi tí iṣẹ́ wọn ti wá bí ọsibítù yẹn. Gowans ò rí Egbe, Kent ò rí i. Èyí ni mi ò kì í fẹ́ fò nínú ìtàn yẹn, torí ẹ ni mi ò ṣe ní sọ fún ẹ pé iṣẹ́ yẹn máa dé lọ́jọ́ báyìí. Mi ò mọ̀. Ẹni tó bá ní òun mọ̀, wo ojú ẹ̀ bóyá àpò ẹ ló ń wò.

Ìyá ẹ ní Ọlọ́run kì í pẹ́, mo gbọ́, ṣùgbọ́n Dáfídì béèrè "yóò ti pẹ́ tó" lẹ́ẹ̀mẹrin nínú Sáàmù 13 kó tó ní òun gbẹ́kẹ̀ lé àánú Ọlọ́run. Béèrè tìẹ náà. Tó o bá sì béèrè tán, jáde. Ọmọ kajú lẹ́yin, o mọ̀ pé èyí tó o bá gbìn lónìí á tó ọdún mẹ́ta kó tó so, kò sẹ́ni tó ń gbààwẹ̀ lé e lórí, àmọ́ ẹ máa ń ro ìdí ẹ̀ yíká kí ọyẹ́ tó mú kí iná ìgbẹ́ má bàa jó o. Fọ́ọ̀mù tó bá jáde, kún un. Àwọn ọ̀dọ́ Ìyàrà tó lóko, ẹ kó kajú yín pọ̀ kẹ́ ẹ jọ wá oníbàárà, kẹ́ ẹ yéé dà á fún ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ìwọ̀n dé.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, láti Mopa ni. Àdúrà mi ò gbà, mo ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin, ṣé kí n lọ sí ìkarùn-ún?

ÌDÁHÙN: Rárá, àǹtí. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, èwo ni wọ́n ti máa wá kanlẹ̀kùn ẹ tí wọn ò bá rí ẹ lọ́jọ́ Sunday méjì? Padà síbẹ̀.