Ẹ́ńjìnnì Tuntun Nínú Bedford Àtijọ́

Ìbéèrè: Mo gbé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó tóbi sínú ọkọ̀ Bedford àtijọ́ mi. Bí mo bá ń sáré lọ sí Ìkìrun, kò sí wàhálà. Bí mo bá há sínú gòsílóò ní Ọláìyá, omi á máa hó. Mẹkáníìkì ní kí n yọ tẹmọ́sítáàtì (ohun tó ń ṣí ọ̀nà omi ẹ́ńjìnnì, tó sì ń pa á dé, bó bá ṣe gbóná sí) dànù. Ṣé kí n yọ ọ́? Awakọ̀, Òkè-Fìà, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Ẹ má yọ ọ́ o! Ọkọ̀ tó ń tutù lórí eré, tó wá ń gbóná lójú kan, afẹ́fẹ́ ni kò tó o. Ẹ wo fáànù. Bí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, fáànù sábà máa ń jìnnà sí rédíétọ̀ (ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù), afẹ́fẹ́ gbígbóná kan náà ni yóò sì máa fà padà. Ẹ ní kí wẹ́dà fi páànù ṣe ìbòrí yí fáànù ká, kí nǹkan bí ìdajì abẹ fáànù wà nínú rẹ̀, kí àlàfo láàárín etí abẹ àti ìbòrí náà má ju ínǹṣì kan lọ.

Bí ẹnu rédíétọ̀ bá rẹlẹ̀ ju orí ẹ́ńjìnnì lọ ńkọ́? Afẹ́fẹ́ á há sókè, ẹ ó rò pé omi ti kún. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, kí ẹ máa rọra da omi sí i títí ìfófòó á fi tán. Kúláǹtì (èròjà olómi tí wọ́n ń pò mọ́ omi rédíétọ̀) ìdajì, omi mímọ́ ìdajì. Omi kànga máa ń dí rédíétọ̀.